Lẹ́tà Tí Wọn Ò Kọ Ọjọ́ Sí

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Slavka ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Sẹ́bíà, bẹ́ẹ̀ kò wù ú láti fipò sílẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, ó sì ju téèpù tí a fi ń wọn aṣọ lù mí.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti ẹ̀ ti jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, lójú títì kékeré tó yà kúrò lára ọjà East Street ní Barking, ní London níbí. Sùtánà lèmi ń rán fún àwọn ìjọ Aládùúrà, funfun lórí funfun láti ọdún dé ọdún. Òun ló ń ṣẹ́tí ṣòkòtò, tó ń pààrọ̀ síìpù, tó sì ń bá mi rán sùtánà tí iṣẹ́ bá wọ̀ mí lọ́rùn. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, àwa méjèèjì ti lé lọ́gọ́ta ọdún, nítorí náà orúkọ ni mo ń pè é. Òun gbọ́ tí àwọn oníbàárà ń pè mí ní Ìyá Dára, ló bá mú un lò. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń tiro, tèmi náà kò fi bẹ́ẹ̀ sáré, ṣùgbọ́n a gbọ́ ara wa yé.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ló ti ṣiṣẹ́ nílùú rẹ̀, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilé iṣẹ́ náà pa, ó kó ẹgbẹ̀ta obìnrin lẹ́yìn, wọ́n jókòó sáàárín títì fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan rí i pé obìnrin yìí lẹ́nu, wọ́n ní kó wá du ipò aṣòfin lábẹ́ àwọn. Ṣùgbọ́n kí ìbò tó dé, wọ́n gbé bébà kan síwájú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé, "Èmi, Slavka, fi ipò mi sílẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin." Wọ́n ní kó fọwọ́ sí i, kó má kọ ọjọ́. Gbogbo àwọn olùdíje ló fọwọ́ sí irú rẹ̀. Alága ẹgbẹ́ kó gbogbo lẹ́tà náà sínú fáìlì, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ẹni tó bá yájú sí ẹgbẹ́ lẹ́yìn tó bá wọlé tán, wọn á kàn kọ ọjọ́ sí tirẹ̀.

Kò pé ọdún méjì tí ẹgbẹ́ fi pín sí méjì. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n ta ilé iṣẹ́ yẹn, àwọn kan ò fẹ́, Slavka sì bá àwọn tí kò fẹ́ lọ. Inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí olú-ìlú ló wà nígbà tí rédíò kéde pé ó ti fipò sílẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Tìfẹ́tìfẹ́! Obìnrin tó jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì kí i pé ó kú ìsinmi. Nígbà tó fi máa dé ilé ìgbìmọ̀, àna alága ti jókòó sórí àga rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ kò sì jẹ́ kó wọlé.

Ó fi ọdún mẹ́rin rìn láti ìlú dé ìlú kí ẹgbẹ́ kejì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó tún díje, wọ́n sì tún gbé bébà wá. Mo bi í pé kí ló ṣe é tó tún fọwọ́ sí i. Ó ní àwọn wọ̀nyí ọ̀rẹ́ òun ni, àwọn jọ jìyà ni, ojú ń ti òun láti sọ pé rárá. Ó wọlé, ẹgbẹ́ yẹn náà sì pín nítorí ọkùnrin méjì tó ń du ipò mínísítà. Apá kan gbé òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sá lọ, apá kejì gbé fáìlì. Ọ̀dọ̀ àwọn olóǹtẹ̀ ni Slavka wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú fáìlì, Vidoje lorúkọ rẹ̀, ló kọ ọjọ́ sí lẹ́tà Slavka.

Lọ́tẹ̀ yìí kò dúró dìgbà tí wọ́n máa tì í mọ́ta. Ó ti wà nínú gbọ̀ngàn kí wọ́n tó ka lẹ́tà náà. Ó dìde, ó gbá gbohùngbohùn mú, ó ní òun ò fipò sílẹ̀ o, òun rèé lójú gbogbo yín, ẹ jẹ́ kí òun sọ ohun tí ẹ ṣe fún àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí wọ́n paná gbohùngbohùn. Ẹgbẹ́ kẹta tún gbé bébà wá, ó yarí kanlẹ̀ pé òun ò fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń dìbò fún nílẹ̀ wọn, láti òkè ìwé àwọn olùdíje ni wọ́n sì ti ń mú ẹni tó wọlé. Wọ́n wá to orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè wọlé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, mú un wá sí Dagenham.

Oṣù tó kọjá, Vidoje pè é lórí fóònù. Vidoje onífáìlì yìí kan náà o! Ó ti di alága ẹgbẹ́ kẹrin. Ó ní òun ń bọ̀ wá rí àwọn èèyàn wọn ní London, òun sì fẹ́ kí Slavka padà wálé wá díje. Ipò kẹrin ni òun máa to orúkọ rẹ̀ sí, ẹni tó bá sì wà nípò kẹrin, kí ó máa ra aṣọ ìbúra ni. Bébà kan ṣoṣo ló kù tí Slavka máa fọwọ́ sí.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, orin ni Slavka ń kọ nídìí máṣíìnì. Ọkàn rẹ̀ ò sí lára iṣẹ́ mọ́. Ó gé sùtánà Bùrọ̀dá Túbọ̀sún dé orúnkún. Ọkùnrin náà wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí, ó yíjú sí mi.

"Ìyá Dára, is this a skirt? Ẹ wo ojúgun mi níta! Sunday ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ o!"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi lọ, mo wá kọjú sí Slavka. Mo ní, "Má fọwọ́ sí bébà yẹn."

Mo mọ bébà yẹn dáadáa. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà ìjọ wa lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, olùṣọ́ àgùntàn wa pe gbogbo àwa olórí ẹgbẹ́ jọ, ó gbàdúrà lé wa lórí, ó sì ní kí oníkálukú fọwọ́ sí lẹ́tà pé òun fi iṣẹ́ òun sílẹ̀. Ó ní kí a má kọ ọjọ́, pé Ẹ̀mí ló máa kọ ọ́. Orí ìkúnlẹ̀ la ti fọwọ́ sí i, a sì ń ṣe àmín. Nígbà tí ìjọ pín, tí mo ní mi ò bá a lọ, Ẹ̀mí kọ ọjọ́ sí tèmi lóòótọ́, pẹ̀lú báírò aláwọ̀ ewé tí akọ̀wé ìjọ máa ń lò. Wọ́n kà á jáde lórí pẹpẹ pé Sister Ọmọ́lẹ́wà, èmi nìyẹn, ti fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi darí akọrin yẹn.

Slavka pa máṣíìnì. Ó ní, "Ìyá Dára, ìjọ tó wà ní Barking yìí nìkan, o ò lè kà á tán. O kúrò ní ọ̀kan, o bọ́ sí òmíràn, o sì ń kọrin. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ mi ṣì wà lẹ́nu nígbà tí wọ́n paná mọ́ mi. Mo fẹ́ lọ parí ẹ̀. Tí mi ò bá lọ báyìí, ìgbà wo?"

Kí n má parọ́, ẹ̀rù tara mi náà ń bà mí. Mi ò fẹ́ kó lọ kó fi mí sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ọ̀sán Sátidé ni Vidoje dé, ọjà kún fọ́fọ́ níta. Ọkùnrin tó múra dáadáa ni, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó fẹnu ko Slavka lẹ́rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń fi èdè wọn sọ̀rọ̀.

Slavka ní, "Sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá Dára ló ni ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú mi."

Ọkùnrin náà wò mí bí ẹni wo àga. Ó tẹ́ bébà rẹ̀ sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, lórí aṣọ funfun mi gan-an. Ó ní òfin ti fagi lé irú lẹ́tà yìí, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin mọ́, ọ̀rọ̀ ìfọkàntán ni. Ó ní, "Ta ló máa wá jókòó sórí àga tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé pé òun kò fẹ́ mọ́? Ojú á tì í, á lọ. Ṣùgbọ́n kò ní débẹ̀ láàárín èmi àti ìwọ."

Slavka fi awò ojú rẹ̀ sójú. Ó ka bébà náà, ó tún un kà. Mo ti rò pé ó ti parí, pé ó máa fọwọ́ sí i.

Ó ní, "Ìyá Dára, fún mi ní bébà kan."

Mo ya ewé kan nínú ìwé tí a ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí. Ó tẹ̀ ba, ó ń kọ̀wé, kò sì kánjú. Nígbà tó parí, ó kà á sókè: "Èmi, Vidoje, fi ipò alága ẹgbẹ́ sílẹ̀." Ó fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀. "Orúkọ rẹ níbí. Àyè ọjọ́ nìyí, má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Fọwọ́ sí tìrẹ, kí n fọwọ́ sí tèmi. Ìyá Dára á bá wa tọ́jú méjèèjì."

Kí ó tó dákẹ́, mo ti na báírò sí ọkùnrin náà.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. "Slavka, ṣé o ò fọkàn tán mi ni?"

"Bí o ṣe fọkàn tán mi náà ni."

"Alága kì í fọwọ́ sí irú nǹkan báyìí."

"Kí ló dé?"

"Kí ló dé kẹ̀? Ẹnikẹ́ni lè kọ ọjọ́ tó bá wù ú sí i!"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ni òun náà gbọ́ ọ. Etí rẹ̀ pọ́n. Mo gbé báírò náà sún mọ́ ọn sí i, nítorí mo fẹ́ kí ojú tì í dáadáa.

Ó dìde, ó ń tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Ó ní ogún obìnrin ló wà nílẹ̀ tí wọ́n máa fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ó ní lọ́jọ́ orí Slavka, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó máa pè é mọ́ láéláé. "Kí lo wá fẹ́ jẹ́ níbí? Onítẹ́lọ̀?"

Slavka ní, "Onítẹ́lọ̀ ni mo jẹ́ kí n tó mọ̀ yín. Mú bébà rẹ kúrò lórí aṣọ, aṣọ ìjọ́sìn ni."

Ó mú un. Ó jáde, kò sì ti ilẹ̀kùn.

Mo pariwo ayọ̀. Mo ń jó yí tábìlì po, mo ń sọ pé, "Ṣé o rí ojú ẹ̀? Ṣé o rí etí ẹ̀?" Ìgbà tí mo yí padà ni mo rí i pé Slavka di etí tábìlì mú, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ijó kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Mo lọ gbá a mọ́ra, mo ń sọ ohun tí àwa máa ń sọ, pé Ọlọ́run ló yọ ọ́, pé Olúwa ò jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ wọn.

Ó tì mí sẹ́yìn, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

Ó ní, "Má sọ pé ẹnikẹ́ni yọ mí. Mo fẹ́ ipò yẹn. Mo ṣì ń fẹ́ ẹ bí mo ṣe dúró yìí. Èmi ni mo sì sọ pé rárá. Tí o bá máa sọ ọ́ fún èèyàn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí o sọ ọ́."