Àkùkọ Pupa Inú Àgò

Láti ọjọ́ tí ìyàwó káfíńtà ti gbé àkùkọ pupa kan wálé ni owú ti ń jẹ ọkọ rẹ̀, bí ẹni pé orogún ni wọ́n mú wọlé tì í. Obìnrin náà fi àkùkọ náà sínú àgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ, kí àwọn adìyẹ tó bá nílé lè máa wò ó fún ọjọ́ méje kó tó tú u sí àárín wọn. Lójoojúmọ́ ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ lágbàdo, tó ń pè é ní arẹwà. Tíì ọkọ rẹ̀ tutù sórí tábìlì.

"Ọgbọ̀n ọdún la ti fẹ́ra," káfíńtà ń kùn, "n ò gbọ́ arẹwà rí."

Lọ́jọ́ kẹta, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe wọ balùwẹ̀, ó yọ́ lọ ṣí àgò. Ó fẹ́ kí àkùkọ àgbà tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ lu àlejò yẹn bí ẹni lu bàrà.

Àwọn àkùkọ méjèèjì na ọrùn síra wọn. Wọ́n fò lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà, wọ́n jọ tẹrí ba, wọ́n ń ṣa àgbàdo jẹ. Àwọn abo ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ìgbà tí káfíńtà yíjú padà, ìyàwó rẹ̀ ló rí, tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

"Àwọn adìyẹ ti gbà á," ló wí. "Ẹ̀yin nìkan ló kù. Ẹ wọnú àgò, ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Màá máa fọwọ́ ara mi bọ́ yín lágbàdo."