Ìyá Réédíò àti Lékeléke Mẹ́tàdínlógún

Fèrè ìkìlọ̀ ń ké kíkankíkan, gbogbo bárékè sì dàrú. Ọ̀gá pátápátá gan-an já síta pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wòkè títí ọrùn fẹ́ẹ̀ kán an.

"Níbo ni díróònù ọ̀hún wà?"

Lékeléke mẹ́tàdínlógún ló ń fò kọjá jẹ́jẹ́ wọn. Wọn ò tilẹ̀ wo ẹnikẹ́ni.

Nínú kíláàsì, obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Réédíò fọwọ́ bojú. Ojú tì í bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń tún réédíò àwọn ológun ṣe. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́ iṣẹ́ tuntun yìí: bí a ṣe ń kọ́ kọ̀ǹpútà kó lè mọ̀ bóyá ẹyẹ ni ohun tí rédà, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ òfúrufú, rí lókè, àbí díróònù, ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí kò ní awakọ̀, tí ọ̀tá lè fi ju bọ́ǹbù. Ìdánwò àṣekágbá nìyí, wọ́n so ètò tí ó kọ mọ́ fèrè, ètò náà sì pe ẹyẹ ní ọ̀tá.

Ọ̀gá wọlé, ó ń nu ọṣẹ. Ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, kò sì jẹ́ fojú di í, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀la lẹ ó tún un ṣe, Ìyá Réédíò. Bí ẹ bá tún pè mí jáde wá kí lékeléke, sítóò lẹ ń lọ. Ẹ ó máa tọ́jú bátìrì."

Nígbà tó jáde, olùkọ́ wọn, ọmọge tí Ìyá Réédíò lè bí lọ́mọ, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá fa àga sún mọ́ ọn, ó wo iṣẹ́ náà.

"Màmá, ẹ ti fọ̀ ọ́ jù! Gbogbo ohun tó ń gbọ̀n lára àmì tí rédà gbà yìí lẹ ti yọ dànù."

"Ṣebí ariwo ni! Réédíò tó bá ń ṣe ṣìì, aláìsàn ni. Iṣẹ́ mi ni kí n lé e."

"Aṣọ tí ẹ fọ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí, ta ni yóò dá a mọ̀? Ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ rò ó."

Ó délé, ó dojú kọ àwo tó fẹ́ fọ̀. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí kì í gbé àwàdà sílé, ti gbọ́ ìròyìn.

"Ẹ káàbọ̀ o, ọ̀gá àwọn lékeléke!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹ lọ ṣílẹ̀kùn fún Màmá, wọ́n ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn."

Ọkọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Lóòótọ́, ìyá tó bí i ló ń bọ̀. "O kẹ̀yìn sílẹ̀kùn. Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ẹsẹ̀ wọn ni. Tòsì a máa wọ́ díẹ̀, ṣìì. Ti ọmọ wa, kó-kó-kó, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí mo bá mú ìyẹn kúrò, ṣé mo tún lè mọ..." Ó yí padà pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ìfófòó ọṣẹ ń kán sílẹ̀ láti ara rẹ̀. "Yéè! Ẹsẹ̀ wọn ni mo nù kúrò!"

"Ẹsẹ̀ ta ni?"

"Ẹsẹ̀ ẹyẹ! Ẹyẹ ń ju apá, díróònù ń yí abẹ̀bẹ̀. Gbígbọ̀n wọn yàtọ̀ síra, èmi ni mo sọ wọ́n di ọ̀kan!"

"Ta ló ń fi ẹsẹ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé yìí?" ni ìyá àgbà bèèrè láti ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ti wọ bàtà méjèèjì, ó so okùn wọn pinpin, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ìyá Réédíò ti dá gbígbọ̀n náà padà sára àmì, ó sì ti tún kọ̀ǹpútà kọ́. Lékeléke dé. Àmì wọn hàn lójú kọ̀ǹpútà, ó ń gbọ̀n bí apá wọn ṣe ń lọ sókè sódò. Ìyá Réédíò tẹjú mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà ronú díẹ̀, ó kọ ọ́: ẹyẹ. Fèrè ò dún.

Lẹ́yìn náà, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn ológun ju díróònù kan sókè láti ẹ̀yìn igi. Ó ń rọra lọ, bí ẹyẹ gan-an. Fèrè sọ kẹ̀ẹ̀! Ọ̀gá sáré jáde, ó wòkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Ìyá Réédíò, ẹ gbé bátìrì tì! Ta ló kọ́ yín ní èyí?"

"Ìyá ọkọ mi ni, sà."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ dì mọ́ ọn, ó ní òun náà ti kọ́gbọ́n kan.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Réédíò pinnu pé ìdùnnú òun ò ní hàn kí òun tó jókòó, kí òun lè fi ìròyìn náà da ọkọ òun láàmú díẹ̀. Ó fajú ro. Ó ń gun àtẹ̀gùn bí ó ṣe máa ń gùn ún lójoojúmọ́, àbí bí ó ṣe rò pé òun ń gùn ún. Kò tíì kan ilẹ̀kùn tí ohùn ìyá àgbà fi gba inú yàrá jáde.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un! Ó ti yege, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀!"