Àtàǹpàkò Wolé-wolé

Dókítà ní òun máa gé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ọ̀tún. Mo béèrè bóyá ó lè jẹ́ ìka mìíràn.

"Bàbá, èyí tó bàjẹ́ la máa ń gé."

"Wolé-wolé ló ni ín," mo sọ fún un.

Ó wo Moríyọ̀, ìyàwó mi. Moríyọ̀ ní, "Ẹ máa gé e, dókítà. Ìtọ̀ ṣúgà ò mọ ọmọlangidi."

Wọ́n gé e lọ́jọ́rú.

Ọmọlangidi ni iṣẹ́ ilé wa n'Ìpẹ̀rú. Bàbá mi àgbà, Oyèbọ̀dé, ló fi igi ọmọ̀ gbẹ́ wọn. Mẹ́fà ni wọ́n: Ọdẹ, Ajá rẹ̀, Ìyálé, Ìyàwó, Wolé-wolé àti Ìyá Oníkòkò. Ikán jẹ Ọdẹ. Ajá sọnù l'Ìkẹ́nnẹ́. Ìyálé àti Ìyàwó jóná nílé ìdáná. A kò mọ èwo nínú wọn ló fà á.

Ó ku méjì. Ìgbà tí ìjọba ń rán wolé-wolé láti ojúlé dé ojúlé, pé kí wọ́n yẹ ìkòkò omi wò, ni Oyèbọ̀dé gbẹ́ wọn. Bí wọ́n bá rí tanwíjí nínú omi rẹ, o di èrò kóòtù. Wolé-wolé tiwa dé fìlà kákí, ó mú ọ̀pá dání. Eré náà kò gùn. Ó dé, ó yẹ ìkòkò wò, ó rí tanwíjí. Ìyá Oníkòkò ń tẹrí ba, ó ń bẹ̀ ẹ́. Òun ń fà sẹ́yìn, ó ní òun kò gbọ́. Ó mú un lọ sí kóòtù. Ó parí.

Orí ìjókòó la ti ń ṣe é, a ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọmọlangidi méjèèjì kọjú síra. Okùn gba àyà ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá, láti èèkàn dé àtàǹpàkò. Bí okùn bá le, ọmọlangidi a fà sẹ́yìn. Bí ó bá dẹ̀, a tẹ̀ síwájú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ti Wolé-wolé, òsì ni ti obìnrin. Ọwọ́ ń lu igbá, ẹnu ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń ṣe é.

Nígbà tí ojú egbò jiná, Báyọ̀ dé. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni, ó ń kọ́ni ní yunifásítì, ó sì ti kọ ìwé lórí eré wa. Ó gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí.

"Bàbá, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ṣetán láti gba àwọn ọmọlangidi yìí. Inú gíláàsì ni wọ́n máa wà. Ikán ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn."

"Ta ni yóò máa mú wọn jó?"

"Kò sẹ́ni tó máa mú wọn jó, sà. Wọ́n á kàn wà níbẹ̀ ni."

Moríyọ̀ ní, "Bí ẹ̀gbọ́n màmá ẹ ṣe wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé láti ọsibítù nìyẹn."

Mo ní mo ṣì lè ṣe eré náà. Báyọ̀ kò gbà gbọ́. Èmi náà kò gbà gbọ́. A bá ṣe àdéhùn. Tí mo bá ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lójú èrò, àwọn ọmọlangidi dúró sílé. Tí n kò bá lè ṣe é, ó ń gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà.

Sábó la lọ, ní Ṣàgámù, sí àgbàlá Àlájà Hàbíbátù tó ń ta obì. Àwọn obìnrin bí ogún jókòó, wọ́n ń ṣa obì, wọ́n ń fi ewé wé e. Báyọ̀ gbé páálí tó máa kó ọmọlangidi sí wá. Ó gbé e síbi tí mo ti lè rí i.

Mo so okùn Wolé-wolé mọ́ ìka kejì.

"Bàbá Táíwò, ìka yẹn ò lágbára," Moríyọ̀ wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ gbé ọkùnrin náà sí ẹsẹ̀ òsì."

"Ẹ̀bẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ òsì mọ̀."

Mo lu igbá. Wolé-wolé dìde. Ó ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ ìkòkò wò. "Tanwíjí!" mo fi ohùn rẹ̀ pariwo. Àwọn obìnrin hó. Títí dé ibẹ̀, ó dára.

Ìyá Oníkòkò tẹrí ba. Ó yẹ kí Wolé-wolé fà sẹ́yìn. Mo fa okùn. Ìka yẹn kò dáhùn. Orí obìnrin kàn án níkùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi," mo fi ohùn obìnrin wí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dé.

Ó tún tẹrí ba. Ó tún kàn án. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

"Ẹ ṣàánú mi. Ọlọ́mọ ni mí." Gbà!

"Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Gbà!

Ẹnì kan da agbọ̀n obì nù. "Ìyá, ẹ bẹ̀ ẹ́ dáadáa!" ó kígbe.

Òmíràn ní, "Kò tíì gbọ́! Ẹ tún un bẹ̀!"

Wolé-wolé dojú bolẹ̀. Mo fa okùn lẹ́ẹ̀mẹta. Kò dìde. Kò sí ẹni tó máa mú obìnrin lọ sí kóòtù. Mo gbé igbá sílẹ̀.

Báyọ̀ dìde. "Bàbá, kò parí. Wolé-wolé ló máa ń borí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin la sì jọ sọ." Ó fa páálí mọ́ra.

Òótọ́ ló sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.

Àlájà Hàbíbátù fi obì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín láti àárọ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni oníwèé," ó wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi fi wà látìmọ́lé nítorí tanwíjí. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Bàbá ọkùnrin yìí ló ń ṣe eré náà nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dúró de òpin rẹ̀. Òní ni mo rí i. Ó ti parí."

"Ṣùgbọ́n, mà, nínú ìwé..."

"Mo ní ó ti parí. Àbí o fẹ́ kí n bẹ̀ ọ́?"

Ó tẹrí ba díẹ̀.

Báyọ̀ fà sẹ́yìn. Gbogbo ìka ẹsẹ̀ tirẹ̀ pé.

A gbé ọmọlangidi méjèèjì padà s'Ìpẹ̀rú. Àlájà kó obì kún páálí fún Báyọ̀, kí ó má baà gbé e lọ lófìfo.