Òṣìṣẹ́ Tó Ń Dúró De Ìyá

Àgbà kì í wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ kí ọmọ tí a kọ́ nílé kẹ́yìn sí i. Ẹ̀kọ́ yìí ló fa wàhálà.

Ọkùnrin kan ló kọ ètò ẹ̀rọ tí àwọn tó wà nídàálẹ̀ fi ń bá ará ilé sọ̀rọ̀. Ó fi òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ sínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ènìyàn o, tí kì í jẹ, tí kì í mu. Bí ẹnì kan bá pè, òṣìṣẹ́ kan á dúró tì í títí yóò fi parí ọ̀rọ̀. Bí onítọ̀hún bá tilẹ̀ dákẹ́, òṣìṣẹ́ ò ní yẹsẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọkùnrin náà níbi iṣẹ́ wá sọ ọ́ ní Adúródeni.

Nígbà tí èrò pọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ dúró ti àwọn tó dákẹ́, ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ò rí olùdáhùn. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan, ní kí wọ́n já ìpè ẹnikẹ́ni tó bá dákẹ́. Ìyá Adúródeni wà lára àwọn tó ń dákẹ́. Bí ó bá ti jókòó síbi iṣẹ́ báyìí, ìyá á pè, kò sì ní sọ nǹkan kan. Ìyá ń gbọ́ bọ́tìnì tí ọmọ ń tẹ̀. Òun ń gbọ́ ìgbálẹ̀ ìyá. Òun náà wà nídàálẹ̀, ọdún sì ti gorí ọdún tó ti fojú kàn ìyá kẹ́yìn.

Ó bẹ ọ̀gá, ó tún ètò kọ. Olùṣọ́nà kan ṣoṣo ni yóò máa tẹ́tí sí gbogbo àwọn tó dákẹ́. Ẹni tó bá lanu ni yóò pe òṣìṣẹ́ tọ́wọ́ rẹ̀ dilẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ìpè tó wà lórí ẹ̀rọ àtijọ́ kò ṣeé gbé lọ sórí tuntun, wọ́n sì fẹ́ pa ẹ̀rọ àtijọ́ náà. Wọ́n ní kó má gba ìpè tuntun mọ́. Ìpè ń tán lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo lórí rẹ̀.

"Adúródeni, ta ni eléyìí ń dúró dè?"

"Ìyá mi ni, ọ̀gá."

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Adúródeni fúnra rẹ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá, kí ìyá tún pè sórí ẹ̀rọ tuntun. Ohun tí gbogbo wa ń sọ bí a bá fẹ́ kúrò níwájú àgbà lòun náà sọ: "Ìyá mi, mò ń bọ̀ o."

Ìgbálẹ̀ dákẹ́ lọ́hùn-ún.

"Ọjọ́ wo, ọkọ mi?"

Ìṣẹ́jú kan péré ni Adúródeni ní lọ́kàn. Ó wo òṣìṣẹ́ tó kù yẹn, tó dúró gbagidi, tó ń retí èsì. Ó yíjú sí ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á. Ìsinmi tèmi, ọjọ́ wo ni mo lè gbà á?"

Ọ̀gá fa kàlẹ́ńdà mọ́ra.