Awòràwọ̀ Lọ́ńdọ̀nù àti Òrùka Moróunkẹ́jì

Ẹ jókòó, kí n rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún yín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé òrùka ìgbéyàwó ti kúrò ní ìka Moróunkẹ́jì ìyàwó mi láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo bi í títí, kò fèsì. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọkàn rẹ̀ ló kúrò lára mi.

Bí oorun ṣe gbé mi lọ, Lọ́ńdọ̀nù ni mo bá ara mi, ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé àádọ́ta sẹ́yìn. Èrò tò sí ẹnu ọ̀nà awòràwọ̀ kan tó ń jẹ́ Tobáyà Pẹ́njì. Òun ló ń kọ àlímánáàkì tí gbogbo ìlú ń wò kí wọ́n tó gbin ẹ̀wà, kí wọ́n tó gé irun. Ìbéèrè tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni ló máa ń bi ìràwọ̀. Kò sí èkejì.

Nígbà tó kàn mí, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Aago ara ògiri ní, "Mo ti kọ ìbéèrè rẹ sílẹ̀."

Mo ṣàlàyé pé òrùka ni mo bá wá. Aago ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, mo bá jókòó.

Tobáyà ya àwòrán ojú ọ̀run, ó wò ó títí, ó ní òun ò jí dáadáa rárá, wọ́n ń bọ̀ wá mú òun. Kò pẹ́, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin léfòó lórí odò wá, ó gúnlẹ̀ sójú fèrèsé. Àwọn aṣòfin inú rẹ̀ ní Tobáyà ya ìlú tó ń jóná sínú àlímánáàkì, ìlú sì jóná. Ṣé òun kọ́ ló ṣáná sí i? Tobáyà ní ìràwọ̀ lòun kàn ń wò. Alága wọn fi ìka kan ahọ́n láti ṣí ìwé náà, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ìwo sì yọ lábẹ́ wíìgì rẹ̀. Gbogbo wọn di ewúrẹ́, wọ́n jẹ ìwé náà tán. Ẹjọ́ parí, nítorí ẹ̀rí ti wọ ikùn adájọ́. Èmi kàn gbé fìlà mi kúrò nítòsí wọn ni.

Tobáyà di ọwọ́ mi mú, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, "Ogún ọdún ni wọ́n ti ń bi mí nípa ẹrù tó sọnù. Ìwọ nìkan lo bi mí bí mo ṣe jí. Ẹni tó ni òrùka ńkọ́, o ti bi í bó ṣe jí?"

Ojú tì mí, mo sì jí. Moróunkẹ́jì jókòó sétí ibùsùn, ó kẹ̀yìn sí mi.

Mo ní, "Ìyá Títílọlá, ṣé dáadáa lo jí?"

Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta ni ìka mi ti wú, Bàbá Títílọlá. Òrùka lẹ ń bèèrè."

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó fi òrùka náà lé mi lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú. Lọ́dẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́ aládùúgbò wa ń jẹ àlímánáàkì tó já bọ́ lára ògiri. Mi ò lé e.