Ẹni Tó Bá Kọ́kọ́ Rẹ́rìn-ín

Ó ti pẹ́ tí Silas Ògúnjìnmí àti Amos àbúrò rẹ̀ ti ń yan ara wọn lódì nítorí igi obì kan tó wà láàárín oko kòkó wọn, lẹ́yìn Iléṣà. Silas ní òun ni bàbá àwọn gbìn ín fún. Amos ní ojú òun ni bàbá ṣe gbìn ín. Àwọn ẹbí bẹ̀ wọ́n títí, ó sú wọn.

Nígbà tó yá, Ìwàlẹwà, ọmọ Silas tó ń gbé ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo, gbé tẹlifíṣọ̀n wá fún àwọn òbí rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n bá wọn gbé àwo sátẹ́láìtì sórí òrùlé. Níbi tí Silas ti ń wá ìròyìn kiri ló ti já sí ìkànnì àwọn ará Jàpáàn, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ń wo eré tí ọmọbìnrin kan ti máa ń sunkún nínú òjò. Ó ń wo ètò tí àwọn àgbàlagbà ti ń sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì, tí gbogbo wọn á ṣàdédé figbe ta, "Ẹẹẹẹ," bí ẹni tó gbọ́ pé ọba wàjà. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti àwọn ọkùnrin tí kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín: ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi igi gbá a nídìí. Silas ò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè wọn, àmọ́ ó máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún Wúrà ìyàwó rẹ̀ láìfòyà.

Wúrà ló ránṣẹ́ pe Amos, tó sì fi àwọn méjèèjì jókòó kọjú síra wọn ní pálọ̀.

"Bí àwọn ará Jàpáàn ṣe ń ṣe é la máa ṣe é," ó ní. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, igi obì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó yọ ọmọ orógùn jáde.

"Ìyá Ìwàlẹwà," Amos ní, "wọn kì í fi ìyẹn na ọkùnrin."

"Òótọ́ ló sọ," ni Silas dáhùn. Wúrà lọ gbé ìrọ̀rí.

Ó wọ kóòtù ọkọ rẹ̀ lódì, ó fi asẹ́ dé orí, ó rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ yí wọn ká. Ojú wọn le koko. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó, ó tan tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin kan ń tọ́ ọbẹ̀ wò níbẹ̀. Ó pajú dé, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Amos ò lè mú un mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń sọ?"

"Ó ní iyọ̀ ò tó. Ó ní ọbẹ̀ náà rán òun létí ìyá òun."

Amos ní, "Ọbẹ̀ ìyá tiwa náà kì í níyọ̀."

"Ṣebí ìwọ lo máa ń di iyọ̀ sápò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ."

"Títí òjò fi pa mí lọ́jọ́ ìkórè," Amos ní, "tí ewúrẹ́ ń lá mi nídìí wọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Ẹ̀rín bú jáde. Silas di inú mú, Amos yọ̀ bọ́ lórí àga. Wúrà fi ìrọ̀rí gbá tibí, ó gbá tọ̀hún, òun náà ń rẹ́rìn-ín débi pé asẹ́ bọ́ lórí rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín," Silas ní.

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n. Eyín yín ni mo kọ́kọ́ rí."

Wọ́n yíjú sí Wúrà. Ó ní òun ò rí nǹkan kan, asẹ́ ti bo òun lójú. Nígbà tí obì gbó, wọ́n jọ lọ ká a ni. Amos ló gun igi, Silas dúró nísàlẹ̀, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gùn ún.