Àmì Ẹnu Àpò

Obì gbànja tó ń ti Ṣàgámù lọ sí Kano kì í gbé orúkọ ènìyàn lọ. Àmì ló ń gbé lọ. Kálukú ọlọ́bì ló ní tirẹ̀ tó ń fi ọ̀dà kùn sí ẹnu àpò. Bí àwọn Hausa tó ń rà á bá ti rí àmì tí wọ́n mọ̀, wọn kì í tú àpò wò kí wọ́n tó sanwó.

Òṣùpá aláwọ̀ ewé ni ti Ìdíátù, ọmọ Ofin ní Ṣàgámù. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Nígbà tí òun àti Fẹ̀hìntọlá, ará Ipara, da owó pọ̀, Fẹ̀hìntọlá ló ń lọ kó obì lóko, tó ń bó o, tó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, tó ń fi ewé dì í. Ìdíátù ń bá àwọn ará Kano sọ̀rọ̀. Wọ́n sì ń pín èrè lọ́gbọọgba. Fẹ̀hìntọlá ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín ni Ìdíátù fi í rín.

"Ìwọ yìí! Ṣé ilé ẹjọ́ lo fẹ́ gbé mi lọ ni? Ká ṣáà máa lo àmì ìyá mi."

Fẹ̀hìntọlá náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń kun òṣùpá sí ẹnu gbogbo àpò.

Ọdún ń gorí ọdún, títí Kàúsárà, ọmọ Ìdíátù, fi parí yunifásítì tí kò ríṣẹ́. Ni Ìdíátù bá ní kí Fẹ̀hìntọlá lọ sinmi, ọmọ òun yóò bọ́ síbẹ̀.

"Kí n sinmi? Nínú òwò mi?"

"Òwò ta? O bá mi ṣiṣẹ́, mo sì ń fún ọ ní tìrẹ."

Ọ̀rọ̀ dé iwájú Alhaji Yúnúsà, olórí àwọn ọlọ́bì. Ó béèrè ìwé, kò sí. Ó béèrè ẹlẹ́rìí, kò sí. Ó wá pe oníbàárà wọn ní Kano, ó ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo ilé gbọ́.

"Fẹ̀hìntọlá?" ni ọkùnrin náà wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n. Hajiya olóṣùpá ni mo mọ̀."

"Bàbá, èmi ni mo ń kun òṣùpá yẹn!"

"Mo gbọ́, ọmọ mi," ni Alhaji wí. "Ṣùgbọ́n òṣùpá ta ni?"

Ìdíátù tún hijáàbù rẹ̀ ṣe. "Bó bá wù ọ́, máa wá bá Kàúsárà ṣa obì. A ó máa san owó ọjọ́ fún ọ."

"Ọlọ́run má jẹ́ n jẹ nínú owó ọjọ́ yín, Ìyá Kàúsárà."

Ó fi ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ra obì ní Ipara, ó kun ìràwọ̀ pupa sí ẹnu àpò. Nígbà tí ọkọ̀ Kano dé, aṣojú àwọn Hausa ń nawọ́ sí àpò, àwọn aláàárù ń gbé e. Ó kan tirẹ̀.

"Ta ló ni ìràwọ̀?"

"Èmi ni. Ẹ tú u wò, obì gidi ni."

"Ìyá, ọkọ̀ ti kún." Ó kọjá.

Ọkọ̀ náà lọ. Òmíràn dé, òun náà lọ. Nígbà tó rí i pé díẹ̀ nínú obì náà ti ń rọ, ó háyà kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó kó o lọ sílé Ìdíátù.

Kàúsárà ló dá iye tí wọ́n máa san. Kò tó ìdajì ohun tó fi rà á. Fẹ̀hìntọlá ní ó dáa. Ìdíátù tú ewé, ó mú ẹyọ kan, ó yí i wò lójú oòrùn.

"Fẹ̀hìntọlá, irọ́ ò sí níbẹ̀ o, kò sẹ́ni tó mọ obì í ṣe tó ọ ní gbogbo Rẹ́mọ."

Fẹ̀hìntọlá gba owó náà, kò kà á, ó jáde.